Ta ni kí n pè? Wọ́n ti gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé Àbújá, wọ́n ní Kánò ló kàn

ÌyáTọ́lá_Kubwa · Ọjọ́bọ̀, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ forí jì mí, mi ò rójú kí yín dáadáa. Ọkàn mi ò balẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọmọ kan n'Ísẹ́yìn, ọmọ ọdún 19. Ọdún tó kọjá ló ṣe fìrídọ́ọ̀mù iṣẹ́ aránṣọ. Kò tíì rówó ra ẹ̀rọ, ilé ọ̀gá ẹ̀ ló ṣì ń jókòó sí. Lánàá ló pè mí pẹ̀lú nọ́ńbà tí mi ò mọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun wà l'Ábújá. Ó ní Jabi làwọn ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wá kó àwọn lọ sí ilé kan ní Mararaba. Àwọn márùn-ún ni, obìnrin ni gbogbo wọn. Obìnrin kan tó ń ṣẹgbẹ́ pẹ̀lú ìyá ẹ̀ ló kó wọn wá. Wọ́n ní Íjíbítì ni wọ́n ń lọ, pé iléeṣẹ́ ìránṣọ ńlá kan níbẹ̀ ń wá àwọn tó mọ ẹ̀rọ tẹ̀.

Mo ní, ìwé ìrìnnà ńkọ́? Ó ní Kánò ni wọ́n ti máa bá àwọn ṣe é. Mo ní, fóònù ẹ ńkọ́? Ó ní àǹtí yẹn ti gbà á, pé òun á fún àwọn ní èyí tó dáa jù ú lọ táwọn bá débẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń gbéra.

Mo pe ìyá ẹ̀. Ó mọ̀ sí i! Ó ní kí n má fẹnu mi ba oríire ọmọ òun jẹ́.

Lónìí mo lọ sí tésàn ọlọ́pàá kan. Ẹni tó wà ní káńtà bi mí pé ṣé wọ́n jí i gbé ni. Mo ní rárá. Ó ní ṣé ó ti pé ọdún 18. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣó o rí i, màdáámù, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn lọ." Ló bá padà sídìí fóònù ẹ̀.

Ta ni kí n pè?

Alájàpá_Wuse · 9:21 alẹ́

Màmá Tọ́lá, ẹ pe 627 báyìí. Nọ́ńbà NAPTIP nìyẹn, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kó èèyàn ṣòwò ẹrú. Ọ̀fẹ́ ni. Bí kò bá wọlé, oríléeṣẹ́ wọn wà ní Wuse Zone 5, ẹ débẹ̀ láàárọ̀ kùtù.

Ẹ má pe nọ́ńbà tí ọmọ fi pè yín o! Tí wọ́n bá fura pẹ́nrẹ́n, alẹ́ yìí ni wọ́n máa kó wọn kúrò níbẹ̀.

Jagunlabí_Lugbe · 9:33 alẹ́

Ìjọba wo lẹ ní kí wọ́n pè? Ṣé èyí tí wọ́n wá fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje mọ́ lójú lọ́jọ́ 5 oṣù keje 2022? Ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 800 ló tú jáde lóru ọjọ́ kan. Mínísítà ètò ààbò fúnra ẹ̀ ló sọ pé afurasí Boko Haram bíi 64 ló wà níbẹ̀, kò sì ku ẹyọ kan. Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, lọ́jọ́ 28 oṣù kẹta, wọ́n da ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná dúró nínú igbó, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó àwọn yòókù lọ. Ẹni tí kò lè ṣọ́ ẹni tó ti wà lẹ́wọ̀n, ṣé ọmọ Ìsẹ́yìn kan ló máa bá yín wá dé Mararaba?

Màmá, ẹ kó ọmọkùnrin mẹ́ta sínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ lọ gbé e fúnra yín.

Agbẹjọ́rò_Gwarinpa · 9:52 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kó ọmọkùnrin lọ síbì kankan. Ẹ ò mọ iye èèyàn tó wà nínú ilé yẹn, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n mú lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá sì já ilẹ̀kùn wọlé, ẹ̀yin lọlọ́pàá máa kọ́kọ́ mú.

Màmá Tọ́lá, ẹni tó dá yín lóhùn ní tésàn yẹn ṣi òfin mú, òun nìkan kọ́ ló sì ń ṣì í mú. Òfin tó gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò, 2003 la kọ́kọ́ ní i. Titi Abubakar, ìyàwó igbákejì ààrẹ nígbà náà, ló dìde sí i. Ọmọ Iléṣà ni, ilé ìwé ló bá lọ sí Ítálì tó fi rí àwọn ọmọbìnrin wa lójú títì Róòmù. Wọ́n tún òfin náà kọ ní 2015. Ohun mẹ́ta ló ń wò: kí lẹ ṣe sí ẹni náà (ẹ wá a kàn, ẹ gbé e rìn, ẹ fi pamọ́ sílé), ọ̀nà wo lẹ gbà (irọ́, ipá, tàbí kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́ tó ń bá a fínra mú un), àti nítorí kí ni (aṣẹ́wó, iṣẹ́ àṣekúdórógbó, ẹ̀yà ara). Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ó tán. Kò sí "mo gbà láti lọ" níbẹ̀, nítorí irọ́ ló gbà, kò gba òtítọ́. Ohun tí ọdún 18 ń ṣe ò ju pé tí kò bá tíì pé e, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wádìí bóyá wọ́n parọ́ fún un.

Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ ẹ, tó mú ẹ fo bodè, tó sì fi ẹ́ sílẹ̀ kí o máa lọ, ẹjọ́ tiẹ̀ tún yàtọ̀. Àmọ́ ẹni tó gba fóònù ọmọlọ́mọ, irú ẹni yẹn ò ní fi yín sílẹ̀.

Ó kéré tán, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 àti owó ìtanràn 250,000 náírà. Tó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n fẹ́ fi ṣe aṣẹ́wó, ó di ọdún 7 àti mílíọ̀nù kan. Lójú tèmi, 250,000 yẹn kéré, owó tí wọ́n ń rí lórí ọmọ kan jù ú lọ fíìfíì.

Ohun kan tó tún yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: ẹni tó bá ń wá òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sókè òkun gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ńsì lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí àjọ yẹn bi obìnrin ẹgbẹ́ yẹn léèrè tiẹ̀.

Ọmọ_Sábó_Kánò · 10:20 alẹ́

Ẹ̀yin ará, ọdún kejìlélógún mi rèé ní Sabon Gari. Páàtì ọkọ̀ ni mò ń tà. Ọ̀nà tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ló gbà kọjá.

Kò sí ẹni tó ń ṣèwé ìrìnnà fún wọn ní Kánò. Òtẹ́ẹ̀lì kékeré ni wọ́n ń kó wọn sí fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kí wọ́n lè pọ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn kan á gba Kàtsínà lọ sí Jibiya kí wọ́n tó bọ́ sí Maradi, àwọn kan á gba Daura lọ sí Kongolam kí wọ́n tó bọ́ sí Zinder. Agadez ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni aṣálẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tò wọ́n sẹ́yìn Hilux bí àpò gàrí. Ọ̀pá igi ni wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń dì mú, ẹsẹ̀ wọn á máa fì níta. Ẹni tó bá já bọ́, ọkọ̀ kì í dúró. Ní 2015 ìjọba Niger ṣòfin tó fi àwọn tó ń wa ọkọ̀ yẹn sẹ́wọ̀n, òwò náà sì rọlẹ̀ díẹ̀. Àwọn sójà tó gbàjọba níbẹ̀ ní 2023 ti fagi lé òfin ọ̀hún ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Nígbà tí Nàìjíríà sì ti bodè pa nítorí ìdìtẹ̀ náà, títí di oṣù kẹta 2024, ọ̀nà pánpẹ́ ni wọ́n ń gbà.

Kí n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. Ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó wọ hijabu, ó ń fi ọwọ́ júwe fún ọmọṣẹ́ mi pé òun fẹ́ ra káàdì. Ọmọṣẹ́ mi ń sọ Hausa sí i, kò gbọ́. Mo wo hijabu ọ̀hún, ìlà ibi tí wọ́n ti ká a nínú ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀ gbọrangandan, bíi pátákó. Tuntun ni. Mo bá fi Yorùbá kí i. Ẹ̀rù bà á débi pé ó ju owó sílẹ̀. Kí n tó jáde dé ìta, ọkùnrin kan ti fà á lọ́wọ́, wọ́n ti wọ kẹ̀kẹ́. Igba náírà tó jù sílẹ̀ yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Màmá, ẹ má jẹ́ kó kúrò ní Mararaba. Tó bá kúrò ní Kánò pẹ́nrẹ́n, a ò ní rí i mọ́.

ÌyáTọ́lá_Kubwa · 10:41 alẹ́

Wọ́n gbé ìpè mi ní 627! Obìnrin ló gbé e. Ó bi mí lórúkọ ọmọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà tó fi pè, ohun tó sọ nípa ilé yẹn. Mo ní ó ní òun ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ tó ń lọ gàrí, ó sì ń rí pátákó ṣọ́ọ̀ṣì kan láti ojú fèrèsé. Ó ní kí n mú fọ́tò wá láàárọ̀. Ó kìlọ̀ fún mi gidi pé kí n má pe ìyá ẹ̀ mọ́.

Ẹ ṣé. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

BàbáÌbejì_Nyanya · Jímọ̀, 6:05 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á. Ẹ kú ọkàn, màmá.

Jagunlabí dárúkọ Kuje bíi pé ọ̀rọ̀ agbésùnmọ̀mí wà lápá kan, ti àwọn tó ń ta ọmọ wà lápá kejì. Ẹ wá bá mi jókòó ní Nyanya. Ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2014, ọjọ́ Mọ́ńdè. Okùn bàtà iṣẹ́ mi ló já, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mò ń fi abẹ́rẹ́ gán an. Ìyẹn ni mi ò fi sí ní páàkì tí bọ́ǹbù fi dún, kò tíì tó aago méje. Ó lé ní 70 èèyàn tó kú, àwọn tó ń sáré kí wọ́n má pẹ́ dé ibi iṣẹ́ bíi tèmi. Mo débẹ̀ lẹ́yìn náà. Kúlà oúnjẹ aláwọ̀ búlùú kan wà nílẹ̀, ìdérí ẹ̀ ò ṣí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Boko Haram wọ Chibok, tí wọ́n kó ọmọbìnrin 276. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Shekau, olórí wọn, jáde nínú fídíò, ó ní òun á tà wọ́n lọ́jà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ni, kì í ṣe àsọmọ́. Ní 2018 wọ́n tún lọ kó 110 ní Dapchi, wọ́n dá èyí tó pọ̀ jù padà, wọ́n dá Leah Sharibu dúró nítorí kò sẹ́ ẹ̀sìn ẹ̀. Ẹni tó ń ju bọ́ǹbù ló ń ta ọmọ.

Àkàndá_Asokoro · 7:12 àárọ̀

Ká má tan ara wa, àwọn Gàmbàrí ló fa gbogbo ìyọnu yìí. Ẹ jẹ́ ká kó ẹrù wa ká máa lọ sílé.

Àlàájà_Ìlọrin · 7:20 àárọ̀

Ìwọ Àkàndá, ta ni Gàmbàrí nínú ọ̀rọ̀ yìí? Obìnrin Ìsẹ́yìn ló kó ọmọ Ìsẹ́yìn. Ìyá ọmọ ló bá obìnrin náà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣé Sọ̀kótó ni wọ́n ti gbé ìyẹn náà wá?

Ẹni tí kò bá mọ̀, kó gbọ́. Nígbà tí Muhammad Yusuf, ẹni tó dá Boko Haram sílẹ̀, ń wàásù ní Maidúgùrì pé ẹ̀kọ́ òyìnbó haramu ni, àlùfáà Hausa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kojú ẹ̀. Sheikh Ja'afar Mahmud Adam dìde sí i ní gbangba. Ní oṣù kẹrin 2007, àwọn agbébọn wọ mọ́sáláṣí bá a ní Kánò níbi tó ti ń kírun àsùbáà, wọ́n pa á. Ọdún méjì ṣáájú kí ogun Boko Haram tó bẹ́ sílẹ̀ ní 2009 nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ Maidúgùrì ńkọ́, tí wọ́n mú kóńdó àti àdá jáde ní 2013 tí wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ka àwọn tó ń ṣe é ládùúgbò wọn fún sójà? Ọmọ ta ni wọ́n?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kú nínú ogun yìí, Kanuri ni wọ́n, ará àríwá náà ni. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rù Ọlọ́run.

Jagunlabí_Lugbe · 7:48 àárọ̀

Àlàájà, ẹ má bínú, tiyín yé mi. Àmọ́ kí lẹ ti rí sí ti Gombe? Láti 2016 ni wọ́n ti ń kó àwọn Boko Haram tó jáde nínú igbó lọ sí Mallam Sidi, wọ́n ní kí wọ́n lọ yí ọkàn padà. Wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́. Ìránṣọ, bàtà ṣíṣe, irun gígẹ̀. Ìránṣọ o! Ọmọ màmá Tọ́lá kọ́ ìránṣọ parí, kò gbé ìbọn rí, kò sì sẹ́ni tó fún un lábẹ́rẹ́.

Agbẹjọ́rò_Gwarinpa · 8:30 àárọ̀

Mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn, ó ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà míì tó dín wàhálà kù jù ú lọ. Púpọ̀ nínú wọn, wọ́n jí wọn gbé lọ sínú igbó ni, àgbẹ̀ tàbí awakọ̀ ni wọ́n. Àwọn tí ẹjọ́ wà lọ́rùn wọn, ilé ẹjọ́ tó jókòó ní bárékè Kainji ló ń gbọ́ ọ, láti 2017. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ ni adájọ́ dá sílẹ̀ nítorí kò sí ẹ̀rí. Àwọn kan ti lo ọdún gbọọrọ látìmọ́lé. Tẹ́ ẹ bá ti bínú pa ẹni tó fẹ́ túúbá, ta ló máa jáde lẹ́yìn ẹ̀?

Alájàpá_Wuse · 8:41 àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọmọ yìí. Màmá Tọ́lá, ìbéèrè kan: ṣé wọ́n mú un búra kó tó kúrò nílé?

ÌyáTọ́lá_Kubwa · 11:15 àárọ̀

Ọ́fíìsì wọn ni mo wà, wọ́n ti gba fọ́tò. Àwọn náà bi mí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀, mo bá pe àbúrò ẹ̀ ọkùnrin. Ó ní wọ́n mú wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá kan, wọ́n gé èékánná wọn, wọ́n fá irun díẹ̀ níwájú orí, wọ́n sì mu omi kan.

Alájàpá_Wuse · 11:22 àárọ̀

Mo mọ̀. Ẹ múra sílẹ̀ pé kò ní fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìbúra yẹn ló so ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu títí tí ẹjọ́ fi ń kú. Ní oṣù kẹta 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Bìní pe gbogbo oníṣègùn ìlú sí ààfin, ó gégùn-ún fún àwọn tó ń mú ọmọ búra bẹ́ẹ̀, ó tú gbogbo ọmọ tó ti búra sílẹ̀. Tẹ́gbọ́n tàbúrò la mọ̀ pé ó ran àwọn ọmọ Ẹdó lọ́wọ́ gan-an. Mi ò tíì gbọ́ kí ọba Yorùbá kan ṣe irú ẹ̀.

ÌyáTọ́lá_Kubwa · Sátidé, 5:58 àárọ̀

A ti rí i.

Ó ti ń lọ sí aago kan òru. Wọ́n ní kí n jókòó sínú ọkọ̀ lójú títì, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ àti ọlọ́pàá ló wọlé. Mo rí wọn tí wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, aṣọ àwọ̀sùn ló wà lára wọn. Mẹ́rin ni. Ẹ̀karùn-ún ò sí níbẹ̀, ọkùnrin kan ti mú un lọ Kánò láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Àǹtí yẹn náà ò sí. Wọ́n ní ó jáde lọ ra búrẹ́dì nírọ̀lẹ́, kò padà wá. Hijabu mẹ́rin wà lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú ọ̀rá. Bọ̀dá Sábó, ẹ̀yin ni mo rántí.

Téèpù tó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn ọmọ mi. Ó fi sùn. Mo na ọwọ́ sí i, ó wò mí báyìí, ó ní, "Àǹtí, ta ló ní kẹ́ ẹ dá sí i?" Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé ilé ààbò wọn. Wọ́n ní ó lè lò tó ọ̀sẹ̀ 6 níbẹ̀.

Ọmọ_Sábó_Kánò · 6:10 àárọ̀

Ọlọ́run ṣeun! Jẹ́ kó máa bínú, inú á rọ̀.

Àjọ náà ní ọ́fíìsì níbí. Mò ń lọ bá wọn lórí ẹ̀karùn-ún.

Jagunlabí_Lugbe · 6:44 àárọ̀

Màmá, ẹ kú oríire. Lórí ti Mararaba, mo gbà fún yín, wọ́n gbéra. Lórí ti Kuje, ọ̀rọ̀ mi ò yí padà.

Àlàájà_Ìlọrin · 9:03 àárọ̀

Ẹ̀rọ Butterfly kan wà nílé mi ní Dutse Alhaji, ọmọ mi tó ń lò ó ti lọ sílé ọkọ. Bẹ́líìtì ẹ̀ nìkan ló ti gbó. Ṣé ọmọ yín mọ agbádá rán?

ÌyáTọ́lá_Kubwa · Àìkú, 4:27 ìrọ̀lẹ́

Àlàájà, ẹ ò ní ṣìṣe. Wọ́n jẹ́ kí n rí i lónìí. Mo bi í. Ó ní bùbá àti ìró lòun mọ̀ dénú, agbádá, kẹ́ ẹ fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn lọ̀rọ̀ tó gùn jù tó tíì bá mi sọ.

Ìyá ẹ̀ ò gbé ìpè mi.

Ọmọ_Sábó_Kánò · Mọ́ńdè, 10:12 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì wọn níbí. Wọ́n ti rán èèyàn lọ sí páàkì tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Kàtsínà. Wọ́n ní fọ́tò ẹ̀karùn-ún tó dé ọ̀dọ̀ wọn ti pẹ́, irun ọmọ náà ti yàtọ̀. Ṣé ọmọ yín lè sọ aṣọ tí ọmọ náà wọ̀ lọ, àwọ̀ hijabu ẹ̀, ohunkóhun?

ÌyáTọ́lá_Kubwa · 1:36 ọ̀sán

Mo ti débẹ̀. Ó ní búlùú ṣíṣú ni. Ó ní ó gùn jù ú lọ, ó ń gbálẹ̀, òun lòun bá a ṣẹ́ ẹ létí lálẹ́ Ọjọ́rú. Kò sí òwú búlùú nínú ilé yẹn, funfun lòun fi rán an. Ó ní tí wọ́n bá wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n á rí i.